Wàrà Dááda àti Mílíìkì Inú Ọ̀rá

Ẹ fà mọ́ mi níbí. Ẹni tó bá mú fóònù dání kó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní pẹ́ ju kí àgbàdo orí iná yìí jinná lọ, ṣùgbọ́n n kì í sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ojú rẹ̀ wà níbòmíràn.

Lánàá, mo gbọ́ tí ẹ̀yin ìyàwó ilé ń bá ara yín jiyàn nídìí ẹ̀rọ omi lórí mílíìkì tó yẹ kí ẹ máa rà fún àwọn ọmọ. Ọ̀kan ní ti inú agolo ló dáa. Ọ̀kan ní ti inú ọ̀rá náà ni, pé ibì kan náà ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n. Ẹnì kẹta ní èyí tí wọ́n ń polówó lórí rédíò ni òun fara mọ́, nítorí ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìpolówó náà sanra. Ẹ̀rín pa mí. Báwo lèèyàn ṣe ń gbọ́ ìsanra lórí rédíò? N ò dá sí i nígbà náà. Kì í ṣe pé n ò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà ló ju ohun tí a ń sọ lórí ìdúró lọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé nínú Ọ̀fà yìí, ìyàwó ilé kì í jáde lọ ra mílíìkì. Mílíìkì ló ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé. A kì í tilẹ̀ pè é ní mílíìkì. Wàrà là ń pè é, yálà ó ń ṣàn tàbí ó ti dì. Ní ìsinsìnyí, bí mo bá rán ọmọ pé kó lọ ra wàrà wá, ti díndín tí wọ́n fi ata sí ni yóò rà wá, yóò sì ti jẹ ọ̀kan lójú ọ̀nà. N kì í bá a wí. Ohun tó bá nílẹ̀ tó ń jẹ́ wàrà ló rà.

Àárọ̀ kùtù làwọn oníwàrà ń dé láti gáà, abúlé àwọn Fúlàní tó wà lọ́nà Òjòkú. Ẹ ò ní gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, nítorí bàtà rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń wọ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ wọn lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, tó ń kan ara wọn. Igbá ńlá á wà lórí wọn, ohun tí wọ́n fi dé e á jẹ́ ẹní kékeré kan tí wọ́n fọwọ́ hun, aláwọ̀ pupa àti dúdú. Bí ọkọ̀ ojú irin òwúrọ̀ bá ti fọn fèrè ní ìdíkọ̀, ìyá mi á sọ pé, "Dááda ti gòkè odò o. Ẹ fọ abọ́."

Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní oníwàrà tirẹ̀. Tiwa ni obìnrin gíga kan, tẹ́ẹ́rẹ́, tí à ń pè ní Dááda. Àwọn ọmọ tó ń tẹ̀ lé e ló ń pè é bẹ́ẹ̀, a sì gbà pé orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi ń pè é ní Dááda. Bàbá mi àgbà, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun báláú, náà ń pè é ní Dááda. Mo ti wà nílé ọkọ kí Àdámá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó sọ fún mi pé "ìyá" ni dááda ń jẹ́ lédè wọn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Àgbàlagbà yín yẹn ń kí ìyá mi láràárọ̀, ó ń ní, Màmá, ẹ káàárọ̀. Ìyá mi rò pé ẹ mọ̀. Ó rò pé àpọ́nlé ni." A ti ń pe obìnrin yẹn ní ìyá láti ọjọ́ tó pẹ́, a ò sì mọ̀. Ó dáhùn sí i bí ìyá náà ni.

Kò sí òṣùwọ̀n lọ́wọ́ Dááda ju ahá kan lọ, tí ìdí rẹ̀ ti dúdú. Á bu wàrà sínú abọ́ wa, ìyá mi á sì bu èlùbọ́ tàbí ọkà bàbà fún un. Bí wọ́n bá ti ṣe tán, á tún ki ahá bọ inú igbá, á wò yí ká, á ní, "Ta ló kéré jù nílé yìí lónìí?" Ẹni tó bá kéré jù á bọ́ síwájú. Ti ẹni yẹn nìyẹn, kò sí nínú ọjà, èènì ni. Ọdún tí wọ́n bí àbúrò mi, ó dùn mí gan-an. Mo mọ̀ pé mo ti kúrò nípò.

Ìyá mi kì í fún ọmọ ọwọ́ ní wàrà tí kò tíì hó. Á gbé e kaná, á dúró tì í, nítorí wàrà dà bí ọkọ tí kì í bínú: bí o bá gbójú kúrò lára rẹ̀ díẹ̀, ó ti ru bo iná. Èyí tí Dááda kò bá tà tán, ẹ̀yìnkùlé wa ló ti ń sè é. Á já ewé bòmubòmu, á gún un, á fún oje rẹ̀ sínú wàrà tó ń gbóná. Kò ní pẹ́, omi á ya sọ́tọ̀, wàrà á dì, á sì kó o sínú agbọ̀n kéékèèké kó máa ro. Àwa ọmọ á jókòó tì í, a ó máa gbọ́ bó ṣe ń kán sílẹ̀, tó, tó, tó. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ á jẹ gbẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi Sàlíù kò ní sùúrù yẹn. Ní ọjọ́ kan, Dááda gbé igbá sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó lọ kírun. Sàlíù ki orí bọ inú igbá bí ọmọ màlúù, igbá bá dojú dé e. Ó jáde síta, orí rẹ̀ funfun, gbogbo adìẹ ilé sì tẹ̀ lé e. Ìyá mi mú pàṣán. Dááda ló dúró sáàárín wọn, tòun ti ìlẹ̀kẹ̀ ìkírun lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ má nà á. Màlúù tèmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀." Sàlíù dàgbà, ó di Alhaji, ó lọ Mẹ́kà. Títí tó fi kú, Màlúù Dááda ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é.

Lóṣù ààwẹ̀, wàrà kíkan tí wọ́n po mọ́ fúrá la fi ń ṣínu. Lọ́jọ́ Iléyá, bàbá mi á fi itan ẹran ránṣẹ́ sí gáà. Mo bi í pé, ṣé àwọn tó ń sin ẹran ni kò lẹ́ran ni? Ó ní, "Ẹni tó ń bọ́ ọmọ rẹ, o kì í ka ohun tó wà nílé rẹ̀ kí o tó fún un." Wàrà yẹn náà ni àwọn ọkùnrin ìgbà náà mu, tí wọ́n fi ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀ lójú agbo lọ́jọ́ ọdún. Ìjàkadì ni wọ́n fi mọ Ọ̀fà. Ní báyìí, fóònù làwọn ọmọ fi ń jà. Bí ẹ bá tì wọ́n, wọ́n á ṣubú.

Agolo mílíìkì tiẹ̀ wà nígbà náà. Ọkọ̀ ojú irin ló ń kó o wá láti Èkó. Ilé tíṣà ọmọ ìjọ Áńgílíkà tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa la ti kọ́kọ́ rí i. Àlejò tàbí aláìsàn ni wọ́n ń ṣí i fún. Ohun tí àwa ọmọdé ń fẹ́ ni agolo òfìfo rẹ̀. A ó so wọ́n mọ́ra wọn, a ó fi ṣe ọkọ̀ ojú irin, a ó máa fà á kiri. Kò sẹ́ni tó rò pé ohun ìṣeré yẹn yóò lé Dááda kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa.

Òun nìkan kọ́ ló lé e. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Màlúù jẹ oko wa. Káṣímù ọmọ mi, tó jẹ́ káfíńtà, fi ohun tó rí nídìí iṣẹ́ rẹ̀ dá oko ẹ̀gẹ́ sọ́nà Òjòkú. Ó débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá a bí ìgbà tí èèyàn gbálẹ̀. Ó jókòó sórí ebè, ó pè mí lórí fóònù. Èémí rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́. Àwa náà ṣe tiwa. Ibi tí màlúù ń gbà lọ sódò láti ayé bàbá wa, a pín in ní pulọ́ọ̀tì pulọ́ọ̀tì, a kọ́lé sí i, a mọ odi yí i ká, a wá ń bi màlúù pé kí ló ń wá lójú ọ̀nà. Nígbà tó yá, àwọn tó ń gbé ìbọn dé sínú igbó, àwọn tó ń jí èèyàn gbé. Ará oko ní ará gáà ni. Ará gáà ní àwọn náà ń sá fún wọn, pé wọ́n ti kó màlúù àwọn lọ. Níbi tí a ti ń wá ẹni tó jẹ̀bi, ẹni tó wà nítòsí la lé.

Ọlọ́hun ti mú Dááda lọ kí èyí tó dé. Mo dúpẹ́ fún un. Àdámá ló gba igbá lórí ìyá rẹ̀. Mo ṣe ẹ̀gbọ́n fún un díẹ̀. Yorùbá Ọ̀fà ló ń sọ, ó mọ èébú wa ju àwọn ọmọ yín lọ. Òun ló gbé wàrà wá nígbà tí mo bí Káṣímù, òun náà ló ń gbé e wá nígbà tí Káṣímù ń bí tirẹ̀. Ọjọ́ tó wá kẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ kan tẹ̀ lé e lójú pópó, wọ́n ń hó lé e lórí. Kò sáré. Igbá orí rẹ̀ kò mì. Ó wọlé wá, ó bu wàrà, ó bi mí léèrè orúnkún mi, ó lọ. Kò padà wá mọ́. N ò sì rí ẹni tó wá sọ fún mi pé ohun tí wọ́n ṣe yẹn kò dáa.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí Sẹ́kìnà, ìyàwó Káṣímù, fi gba ọmú lẹ́nu Àṣàkẹ́, ọmọ wọn. Ẹ mọ̀ pé Sẹ́kìnà ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Ìjàgbò. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti wà lórí ọkadà. Èmi ni mo ń jókòó ti ọmọ. Ti inú agolo ni ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ rà. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára sí mi létí, fítámì èyí, fítámì ìyẹn. Mo ní ó dáa. Àṣàkẹ́ mu ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Káṣímù bá ra ti inú ọ̀rá wá. Ó tún yà á. Nígbà tí a fi máa mọ̀, aṣọ tí mo rán fún un lọ́dún Iléyá ti ń bọ́ léjìká rẹ̀.

Sẹ́kìnà ní, "Dádì Àṣàkẹ́, mo ti sọ fún yín pé ti inú ọ̀rá yẹn kì í ṣe mílíìkì gidi."

Káṣímù ní, "Gidi tí ìwọ rà ńkọ́? Ṣé ìdí ọmọ kọ́ ló gbà jáde?"

Mo ní kí àwọn méjèèjì dákẹ́. Bí àgbà bá wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun kì í wọ́. Mo wọ bàtà mi, mo gba ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ráṣídà lọ, lẹ́bàá ọ̀nà rélùwéè. Ọ̀rá mílíìkì ló so rọ̀ yí i ká láti òkè délẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá.

"Ẹ káàbọ̀, Alhája. Èwo ni kí n já fún yín?"

"Èyí tó wá láti ara màlúù."

"Alhája mi, gbogbo wọn ló ní màlúù lára. Ẹ wò ó." Ó nawọ́ sí àwòrán.

"Mo rí i. Ó sanra. Inú ọ̀rá yìí ńkọ́, ṣé wàrà ni gbogbo rẹ̀?"

Ìyá Ráṣídà wo ìta kó tó dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n ìyá mi lẹ jẹ́, n ò ní purọ́ fún yín. Àwọn kan nínú wọn, òróró ni wọ́n fi dípò ọ̀rá wàrà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ wínníwínní, àwọn èèyàn ni kì í kà á. Àwọn kan dáa. Ṣùgbọ́n èyí tó dáa yẹn, bí ẹ bá bi mí ní iye owó rẹ̀, ẹ ó jókòó."

"Ìwọ ńkọ́, èwo lo ń fún àwọn ọmọ tìrẹ?"

"Èyí tí kò bá tà, Alhája."

Èmi àti ẹ̀ jọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì korò lẹ́nu. Mo já ọ̀kan. Kò fi nǹkan kan lé e. Ọ̀rá kò ní èènì, ibi tí wọ́n dì í dé náà ló mọ. Ẹni tó dì í kò mọ ilé wa, kò mọ ẹni tó kéré jù níbẹ̀.

Ìyẹn náà kò bá inú Àṣàkẹ́ mu. A gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Obìnrin náà fara balẹ̀, ó fi omi oníyọ̀ àti ṣúgà rọ ọ́ lọ́fun. Ó ní ká dá mílíìkì dúró ná, pé inú àwọn ọmọ mìíràn kì í gbà á, pé ká máa ṣe ògì fún un, ká lọ sóyà mọ́ ọn. Ó ní bó bá tún rù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ká tètè gbé e padà wá. Mo gbọ́ ohun tó sọ, ọkàn mi ni kò gbà. Èmi mu wàrà, àwọn ọmọ tí mo bí mu wàrà, kò sí inú tó kọ̀ ọ́ nínú ilé yìí. Mo sọ nínú ara mi pé bí ọmọ yìí bá rí ahá kan péré láti gáà, tí mo bá sè é dáadáa, ara rẹ̀ á rántí ohun tó ń jẹ́ wàrà.

Níjẹta, mo fọ abọ́ onídérí kan, mo sì sọ fún Káṣímù pé mò ń lọ sọ́dọ̀ Àdámá.

"Màmá, ẹ ò lọ."

"N ó lọ."

"Sọ́dọ̀ àwọn tó jẹ ẹ̀gẹ́ mi?"

"Màlúù ló jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ. Wàrà màlúù náà ni ìwọ náà mu tí o fi ga tó báyìí, tí o fi ń dí ẹnu ọ̀nà mọ́ mi."

"Bí wọ́n bá gbé yín lọ lójú ọ̀nà ńkọ́?"

"Ta ni yóò gba owó lórí egungun? Yẹra."

Ó yẹra. Ó pe ọlọ́kadà kan tó mọ̀, ó sọ fún un pé kó má pa ẹ́ńjìnnì ọkadà rẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere, oòrùn ti yọ, síbẹ̀ ọmọkùnrin náà ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ọ̀nà tí èmi àti Àdámá máa ń rìn lọ, tí a ó máa bú ara wa lọ, ni mo gbá ẹlòmíràn mú lẹ́yìn lórí rẹ̀ bí ẹni tó jalè.

Mo rí gáà. Ẹni tó bá mọ gáà, ilẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò, nítorí ibi tí màlúù bá ń sùn kì í hu koríko. Koríko ti dé orúnkún mi níbẹ̀. Ahéré tó kù kò tó nǹkan. Níwájú ọ̀kan nínú wọn ni Àdámá jókòó sí, ọmọkùnrin kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí orí rẹ̀ tóbi ju ọrùn rẹ̀ lọ. Àdámá fi eyín fa nǹkan ya, ó dà á sínú kọ́ọ̀bù, ó ń rò ó.

"Ìyá Káṣímù," ló wí. Kò dìde.

"Àdámá. Orúnkún ńkọ́?"

"Orúnkún ẹ̀yin ni mo máa ń bèèrè. Ẹ jókòó."

Mo jókòó. Mo bi í léèrè màlúù. Ó ní àwọn ọkùnrin ti kó èyí tí olè kò kó lọ sí ẹ̀bá odò Ọya, pé bí nǹkan bá rọ̀ wọ́n á padà wá. Mo ní ìgbà wo nìyẹn. Ó ní, "Ìgbà tí nǹkan bá rọ̀." Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni èyí. Ó ń ṣàìsàn nígbà tí wọ́n ń lọ, ọ̀nà jìn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún un.

Ojú mi bọ́ sórí kọ́ọ̀bù. Ó rí i pé mò ń wò ó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Nígbà tó ṣe, ó gbé ọwọ́ kúrò.

"Ẹ máa wò ó. Ojú ti tì mí tì mí, ó ti sú u."

Mílíìkì inú ọ̀rá ni. Èyí tí mo já ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ráṣídà gan-an.

"Níbo lo ti rà á?"

"Lọ́wọ́ obìnrin kan lójú títì. Kì í wojú mi tó bá ń tà á fún mi." Ó nu ẹnu ọmọ náà. "Ìyá Káṣímù, ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín ìlú, èwo nínú wọn ló dáa fún ọmọ? Èyí ń run ún nínú."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rin ọ̀nà wá bèèrè wàrà lọ́wọ́ ọmọ Dááda, ọmọ Dááda sì ń bi mí pé mílíìkì wo ni kí òun rà. Mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún wa, nípa ògì àti sóyà, mo sì ní kó gbé ọmọ náà lọ fún ìtọ́jú. Ó gbọ́ ọ parí.

"Sóyà," ló wí. "Èmi." Ó mi orí. "Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé màlúù tí kò nírù, Ọlọ́hun ló ń bá a lé eṣinṣin. Ẹni tí kò ní màlúù mọ́ ńkọ́? Ta ló ń bá a lé tirẹ̀?"

Ọlọ́kadà tẹ fèrè. Mo dìde, mo fa abọ́ mi wọ abẹ́ ìborùn, ṣùgbọ́n ó ti rí i. Ohun kan wà láàárín àwọn oníwàrà àti àwa, tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ lófin: abọ́ tí ẹ bá gbé wá sí gáà kì í padà lófìfo. Bí wàrà bá tán, wọ́n á bu omi rẹ̀ sí i. Bí omi rẹ̀ náà kò bá sí, wọ́n á já ewé bòmubòmu kan sí i, kí ẹ lè mọ̀ pé ilé ṣì wà. Àdámá na ọwọ́.

"Ẹ mú un wá."

"Àdámá, fi í sílẹ̀."

"Ẹ mú abọ́ wá, Ìyá Káṣímù. Ẹ má jẹ́ kí ìyá mi bi mí."

Ó gbọn ìyókù ọ̀rá náà sínú abọ́ mi, ohun tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ì bá mu lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ó ta ìdí rẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè bọ́ sílẹ̀. Ó dé e. Mo fẹ́ sọ pé n ò gbà, mo sì rí i pé bí mo bá kọ̀ ọ́, mo ti sọ fún un pé kì í ṣe oníwàrà wa mọ́. Mo gbà á. Mo dúpẹ́ bí mo ṣe máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Nígbà tí Sẹ́kìnà dé láti Ìjàgbò, ó rí abọ́, ojú rẹ̀ là. Ó ṣí i.

"Alhája, ṣé kì í ṣe èyí tó ń ṣe ọmọ yìí nìyí?"

"Òun ni."

"Gáà lẹ ti gbà á?"

"Gáà ni."

Káṣímù dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó wo inú abọ́, ó wo mí. Mò ń retí pé kó sọ pé òun ti wí. Ó gba ìdérí lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó fi dé e padà, ó sì gbé abọ́ náà sórí àpótí. Ó wà níbẹ̀ dòní. Kò sẹ́ni tó lè fún ọmọ, kò sì sẹ́ni tó lè dà á nù.

Mo bu ọkà bàbà, mo ṣà á, mo rẹ ẹ́. N ò ra ògì lọ́jà. Lẹ́yìn ohun tí ojú wa rí, mo fẹ́ mọ ọkà tí mo fọwọ́ mi da omi sí. Mo ti ní sóyà nílẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé ọkà kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo gbóòórùn rẹ̀, kò tíì kan. Omi ìrẹsì la fi ń tan ọmọ.

Ẹ lè lọ. Àṣàkẹ́ ló wà lẹ́yìn mi yìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán ni. Ẹni tó bá máa dìde kó rọra dìde.